Ọjọ́ Bọ́ọ̀lù Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Bìní: Ìrírí Àwọn Ará Wa ní Ọjà Santana

Bí oòrùn ọjọ́ Sátidé bá ti kúrò ní àtàrí díẹ̀, ariwo ọjà Santana ní Ìlú Bìní a máa ní ohùn tirẹ̀. Ariwo ọkọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ ní òpópónà Sapele wà níbẹ̀. Ariwo aláàárù tí ẹrù ti tẹ̀ lọ́rùn wà níbẹ̀. Ti àwọn oníṣòwò tí ń fi èdè Ẹdó, èdè Yorùbá, èdè Ìgbò àti pijin pe oníbàárà kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Bìní bá ń gba àlejò lórí pápá bọ́ọ̀lù, ohùn kan a tún bọ́ sí i. Fèrè ni yóò kọ́kọ́ dún láti òkèèrè, ìlù yóò tẹ̀lé e, kí ẹni tí ń wọn gààrí sì tó gbé ojú sókè, bọ́ọ̀sì kan ti ń kọjá lọ sí ọ̀nà Ring Road, orí àwọn ọ̀dọ́ ti yọ ní gbogbo fèrèsé rẹ̀, ọwọ́ wọn ń lu ara ọkọ̀ bí ẹni tí ń lu àgbá.

Kò sí ẹni tí í béèrè ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo ọjà ti mọ̀ pé bọ́ọ̀lù wà ní Ugbowo. Ọmọkùnrin tí ń lọ ata yóò pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kí ó lè gbọ́ orin náà dáadáa. Àwọn aránṣọ yóò na ọrùn jáde. Ìyá arúgbó tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin góòlù àti kọ́nà yóò mi orí, yóò ní àwọn ọmọ ayé òde òní kò níṣẹ́ ṣe. Bí bọ́ọ̀sì náà bá sì kọjá tán, òun náà ni yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ni wọ́n fẹ́ bá gbá.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré lásán fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń tajà ní Santana. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná àti ní Pọ́tákọ́ọ̀tù yóò mọ ìdí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàlàyé. Bí ó bá jẹ́ pé láti Kàlàbá tàbí Makurdi ni àlejò ti wá, ọ̀rọ̀ náà rọrùn: ìlú tí ń bọ́ni ni à ń gbè lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé Ifẹ̀ ni ó ń bọ̀, tàbí Ìbàdàn, tàbí Èkó, nígbà náà ni ojú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.

Ọmọ Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní Bìní. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1963, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn ni Bìní wà. Lẹ́yìn èyí ni a dá Mid-West sílẹ̀, tí ó di Bendel ní 1976, tí Bendel náà sì pín sí Ẹdó àti Delta ní ọdún 1991. Ti ìtàn Ọ̀rànmíyàn ńkọ́, èyí tí Ifẹ̀ ń sọ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí Bìní sì ń sọ ní ọ̀nà tirẹ̀? Ẹni tí ó bá gbọ́n kì í dá sí i níwájú oníbàárà. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa fi ìtàn náà kọrin sí ara wọn lórí pápá, ìhà kan a ní àwọn ni bàbá, ìhà kejì a ní ta ni bàbá ta.

Bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní ọdún 1966 ni wọ́n ṣe ìdíje NUGA àkọ́kọ́, ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà kò tíì ju ìka ọwọ́ kan lọ. Ní 1970 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ti Bìní sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní 1972 ni ó di yunifásítì, ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní 1975. NUGA dára, ó sì ń gbé orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ ga: Ifẹ̀ gba àlejò rẹ̀ ní 2014, Èkó gbà á ní 2022. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó ní lójú àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí kò bá sì lè rìnrìn-àjò dé ibẹ̀, etí ni yóò fi wo bọ́ọ̀lù.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni ìdíje tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, tí wọ́n ń pè ní HiFL. Nínú ìdíje yìí, ilé-ẹ̀kọ́ kan yóò gba àlejò èkejì nílé, òun náà yóò sì di àlejò lọ́hùn-ún. Wọ́n tilẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ oyè: ti Bìní ni UNIBEN Royals, nítorí ìlú ọba ni, ti Ifẹ̀ ni OAU Giants, ti Ìbàdàn ni UI Pillars, ti Èkó ni UNILAG Marines, nítorí ọ̀sà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Láti ìgbà náà ni bọ́ọ̀lù akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ilé àti àjò. Níbi tí ilé àti àjò bá sì wà, ọjà kò ní ṣaláì mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù, agogo méje kì í tíì lù kí àwọn obìnrin kan tó dé Santana wá ra ẹrù. Àwọn wọ̀nyí kì í tajà ní Santana fúnra wọn. Orí pápá ni wọ́n ń lọ. Wọn a ra ẹ̀pà, wọn a ra àgbàdo tútù, wọn a ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò di bọ̀ọ̀lì, wọn a ra ẹyin. Omi inú ọ̀rá àti yìnyín ni wọ́n ń rà kẹ́yìn, nítorí yìnyín kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, wọn a gbé ọkọ̀ dé Ring Road, wọn a tún wọ òmíràn gba Uselu lọ sí Ugbowo. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà náà ní ọ̀sán Sátidé mọ̀ pé ìrìn àjò kékeré kọ́.

Òwò ọjọ́ bọ́ọ̀lù jọ tẹ́tẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ọjà í yá: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìsinmi àárín, àti lẹ́yìn tí rẹfirí bá fun fèrè ìkẹyìn. Nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́, bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń pín ẹyin lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí yóò nawọ́ gbà á kò pọ̀. Bí onílé bá borí, èrò yóò dúró, wọn yóò jó, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ra nǹkan kan láti àárọ̀ yóò ra súyà fún ènìyàn mẹ́ta. Bí onílé bá fìdí rẹmi, gbogbo wọn yóò fọ́n ká bí adìẹ tí a lé, oníbọ̀ọ̀lì yóò sì gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin wọ̀nyí fi ń gbàdúrà fún Royals kíkan kíkan ju àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn lọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú kan wà nínú wọn, àdúrà tirẹ̀ kì í sì yàtọ̀ bí ó bá jẹ́ pé Ìbàdàn tàbí Èkó ni àlejò. Owó kò mọ ẹ̀yà.

Ní orí pápá, ohun tí ojú ń rí pọ̀. Ìjókòó kì í tó èrò, nítorí náà ọ̀pọ̀ a dúró yí ilà funfun ká, àwọn mìíràn a gun orí ògiri, àwọn olóye a mú àga wá láti yàrá wọn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn a máa ké láti agogo kan, aláwàdà kan a gba ẹ̀rọ náà, a máa fi àwọn àlejò ṣe ẹlẹ́yà láìdárúkọ ìyá ẹnikẹ́ni, bí ó bá ní ẹ̀kọ́ ilé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kegites yóò dé pẹ̀lú agbè ẹmu wọn, ìlù wọn àti aṣọ wọn tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí àwọn Kegites, nítorí ọ̀nà tiwa ni wọ́n ti wá. Yunifásítì Ifẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, kí ó tó tàn dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga káàkiri ilẹ̀ yìí. Orin wọn kún fún èdè Yorùbá títí di òní, ọmọ Ẹdó, ọmọ Ìgbò, ọmọ Ìjọ́ ni ó sì ń kọ ọ́ ní Ugbowo. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè náà dáadáa yóò rẹ́rìn-ín títí tí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ohùn òkè a di ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ a di ti àárín. Ẹni tí wọ́n ní kí ó wọ ọkọ̀ a wọ ọkọ́. Ẹni tí ó yẹ kí ó ro oko pẹ̀lú ọkọ́ a lọ fi ọkọ rẹ̀ ro ó. Síbẹ̀, orin náà dùn, ẹsẹ̀ kò sì ṣìnà. Àwọn orin ìjọ náà wà níbẹ̀, tí wọ́n yọ orúkọ Sátánì kúrò nínú wọn tí wọ́n fi orúkọ aṣọ́lé àlejò sí i. Àwọn àgbà ìjọ kì í fẹ́ràn èyí, ẹ̀tọ́ wọn sì ni.

Àwọn àgbàlagbà ní Santana a máa sọ pé ariwo tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń pa kò tíì dé ibi tí ti ìgbà àwọn dé. Nígbà ayé Bendel, pápá Ogbe ni gbogbo ẹsẹ̀ ń forí lé, èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ Samuel Ogbemudia nísinsìnyí, ọkùnrin tí ó jẹ́ gómìnà ológun láti 1967 sí 1975 tí ó sì sọ eré ìdárayá di iṣẹ́ ìjọba gidi. Ẹgbẹ́ Bendel Insurance gba ife líìgì ní 1973 àti 1979. Ó gba Challenge Cup ní 1972. Ní 1978 ó na Rangers ti Enugu ní 3-0. Ní 1980 ó na Stationery Stores ti Èkó ní 1-0. Ọdún 2023 ni ó tó tún gba irú ife bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì.

Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbàlagbà Yorùbá nínú wọn léèrè nípa ọjọ́ tí IICC ti Ìbàdàn bá wá sí Ogbe. IICC yìí ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Afíríkà, ní ọdún 1976. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá, ọmọ Yorùbá tí ó bá wọ pápá yóò jókòó sí àárín àwọn onílé, yóò di ẹnu rẹ̀ mú, inú nìkan ni yóò ti máa pariwo. Bí Ìbàdàn bá jẹ góòlù wọlé, yóò wúkọ́. Ẹni tí ó bá wúkọ́ jù, wọ́n a wò ó. Àwọn tí kò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ a jókòó ti rédíò nínú ìsọ̀, wọn a yí ohùn Ernest Okonkwo sísàlẹ̀, wọn a sì ti ìlẹ̀kùn.

Àwọn bàbá wọ̀nyẹn mọ ibi tí ọkàn wọn wà, bí ẹnu wọn kò tilẹ̀ lè sọ ọ́. Ti àwọn ọmọ wọn ni kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ilé púpọ̀ ní Santana.

Ìdílé kan wà tí ìtàn wọn tó gbọ́. Ìyá náà ń ta ẹ̀lùbọ́, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni gbogbo ọjà sì ń pè é. Ọmọ Ṣakí ni. Ọdún tí Ẹdó di ìpínlẹ̀ ni ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ dé Bìní. Olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, ó kàwé gboyè ní Ifẹ̀ kí wọ́n tó yí orúkọ ibẹ̀ padà sí Obafemi Awolowo ní 1987. Gbogbo ọmọ wọn ni wọ́n bí ní Bìní. Àbíkẹ́yìn wọn, ọkùnrin, wọlé sí Yunifásítì Bìní, kò sì pẹ́ tí ó fi di onílù fún àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀. Èdè Ẹdó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Bí bàbá rẹ̀ bá fi òwe bá a wí, a ní kí ó jọ̀wọ́ sọ ọ́ ní gbangba.

Kì í ṣe pé bàbá náà kórìíra ìlú tí ń bọ́ ọ. Ohun tí ó dùn ún ni pé ọmọ òun kò mọ Ifẹ̀ rárá, kò tíì rí òkè tí ó yí ọgbà náà ká, kò sì bìkítà. Bí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bá dé, tí ọmọ bá sọ pé "àwa", bàbá mọ̀ pé kì í ṣe ìdílé ni ó ń sọ.

Ní ọdún kan kí àrùn kòrónà tó dé, yunifásítì kan láti ilẹ̀ Yorùbá wá gbá bọ́ọ̀lù ní Bìní. Bàbá náà ní òun yóò lọ. Ìyá ní kí ó jókòó sílé, pé ọkùnrin tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì kò ní ohun tí ó ń wá láàrin àwọn ọmọdé. Bàbá kò gbọ́. Ó wọ fìlà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì lọ jókòó sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá àwọn àlejò wá láti ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wà ní òdìkejì pápá, ìlù wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n rí ara wọn. Ọmọ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ láti ibi tí ó wà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù tí yóò dààmú àwọn tí bàbá rẹ̀ jókòó tì.

Onílé jẹ góòlù kan wọlé kí ìsinmi tó dé. Ìlù náà kò sinmi. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù parí ni rẹfirí fún àlejò ní pẹ́nárítì, wọ́n sì gbá a wọlé. Bàbá fò sókè. Ó ti fò sókè tán kí ó tó rántí, ó wo òdìkejì, ó sì rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tí ó dúró lórí awọ ìlù bí ẹni tí wọ́n fi okùn dè. Gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gbá a mọ́ra. Òun nìkan ni ó jókòó padà.

Kò pẹ́ tí fèrè ìkẹyìn dún ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọ̀rá omi sí ìhà ibi tí àwọn àlejò wà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n o, ọmọ ìta ni wọ́n o, kò sí ẹni tí ó mọ̀. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ ń jù. Nígbà tí òkúta kan bọ́ sílẹ̀ láàrin omi náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àlejò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀.

Irú ìsáré bẹ́ẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn ju òkúta lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2001, ní Accra, orílẹ̀-èdè Ghana, nígbà tí Hearts of Oak àti Asante Kotoko ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn òǹwòran kan fa àga ya, wọ́n jù ú sórí pápá, àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú, èrò sì sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti tì. Ènìyàn 126 ni ó kú. Pápá ńlá ni ti Accra, àwọn ọlọ́pàá sì wà níbẹ̀. Orí pápá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, okùn àti àwọn ọmọkùnrin mélòó kan tí wọ́n wọ ẹ̀wù kan náà ni ààbò tí ó wà.

Ìròyìn yára ju ọkọ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ní Santana pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ níbi bọ́ọ̀lù. Ẹnìkan ní wọ́n ti ṣe àwọn Yorùbá léṣe. Òmíràn ní rárá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, kò wọlé. Ó pe ọmọ rẹ̀, kò wọlé. Ó dìde láàrin oníbàárà méjì, kò bo àpò ẹ̀lùbọ́, kò ká àtẹ, ó lọ dúró sí etí títì, ó ń wo gbogbo ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti Ring Road. Àwọn obìnrin Ẹdó méjì tí ìsọ̀ wọn gbe tirẹ̀ wá dúró tì í. Ọ̀kan mú ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan padà lọ ta ẹ̀lùbọ́ náà fún àwọn oníbàárà, ó sì so owó rẹ̀ mọ́ igun aṣọ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orí pápá kò rí bí wọ́n ti ròyìn rẹ̀. Ọmọ náà ti já ìlù kúrò lọ́rùn, ó ti la pápá kọjá pẹ̀lú àwọn onílù ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n dúró ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn àlejò ń sáré bọ̀, wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa rìn ní méjì méjì. Ó kọjú sí àwọn tí ń ju nǹkan, ó sì fi èdè Ẹdó bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ẹdó àkọ́mọ̀ọ́kọ̀, bí kò ṣe irú èyí tí ọmọ àdúgbò fi ń bá ọmọ àdúgbò wí. Ó nawọ́ sí àgbàlagbà onífìlà kan láàrin èrò, ó ní bàbá òun nìyẹn. Àwọn tí ń jùkò wo fìlà náà, wọ́n wo ojú ọmọ náà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín bá ti wọ̀ ọ́, ìjà ti parí nìyẹn. Wọ́n sin àwọn àlejò dé ibi ọkọ̀ wọn, kò sì sí ẹni tí ó farapa ju akẹ́kọ̀ọ́ kan tí bàtà rẹ̀ já.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́ ọmọ báyìí, bọ́ọ̀lù akẹ́kọ̀ọ́ ti di ohun tí ó ń mú odidi ìlú dákẹ́ tàbí kí ó mú un hó. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe tiwa. Ó gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sá. Rutgers àti Princeton ni ó kọ́kọ́ gbá irú rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1869. Pápá Yunifásítì Michigan ń gba èrò tí ó ju 100,000 lọ, ó sì ń kún. Láti òwúrọ̀ ni ìdílé ti ń gúnlẹ̀ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, tí wọ́n ń ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí wọ́n ń yan ẹran, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onífèrè sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Orúkọ tiwa wà lára àwọn tí wọ́n ń hó fún: Adewale Ogunleye gbá a fún Yunifásítì Indiana, Olumuyiwa Fashanu gbá a fún Penn State, ẹgbẹ́ New York Jets sì mú un ní 2024. Bàbá tí ó jáde ní Ìbàdàn lè jókòó síbẹ̀ kí ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, láìsí ẹni tí yóò bi í pé ìhà wo ni ó wà, nítorí Ìbàdàn kò lè wá bá Indiana gbá. Àǹfààní ni ti ẹni tí ó jìnnà. Ìṣòro ará Bìní ni pé Ọ̀rẹ̀ kò jìnnà.

Àwọn kan a máa sọ pé kí ìjọba fi òpin sí irú eré báyìí, pé ó ń fa ìjà, ó sì ń gba àkókò ẹ̀kọ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bi ọjà Santana léèrè bí ọdún 2020 àti 2022 ti rí. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, àrùn àti ìdáṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ọgbà náà pa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ASUU tún dáṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ sì kọjá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Lóòótọ́, NUGA wáyé ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún náà, ṣùgbọ́n ní Ugbowo, koríko hù lórí ibi tí àwọn onílù máa ń dúró sí. Àwọn obìnrin oníkúlà tí ń wá sí Santana láàárọ̀ Sátidé kò wá mọ́. Ọ̀kan nínú wọn lọ ń fọṣọ fún ènìyàn. Bí àwọn ọ̀dọ́ kò bá sì rí pápá lọ, ibi tí wọ́n ń lọ kì í ṣe ilé-ìkàwé ní gbogbo ìgbà.

Ohun tí ó yẹ kí á máa béèrè ni ẹnu ọ̀nà kejì, kì í ṣe òpin. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ gba àlejò ní ibi tí àlejò yóò jókòó sí, ní ọ̀nà tí yóò gbà jáde, àti ní àwọn àgbàlagbà tí yóò dúró síbẹ̀ títí èrò yóò fi tán. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọmọ onílù tí ó gbọ́ èdè méjì yóò wà nítòsí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń sọ yìí, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró ní iwájú Santana. Bàbá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ọmọ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìlù. Wọ́n ti ń jiyàn láti Uselu. Ọmọ ní kì í ṣe pẹ́nárítì, pé agbábọ́ọ̀lù náà kàn jù ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Bàbá ní ojú òun kò tíì fọ́, pé láti ọdún tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ifẹ̀ ni òun ti mọ pẹ́nárítì. Ọmọ dá a lóhùn ní Ẹdó, bàbá fèsì ní Yorùbá, ó sì hàn pé bàbá gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọ wí.

Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀. Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ó ka ọwọ́, ó ka ẹsẹ̀. Ó gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tí ó bá a tajà, ó kà á, ó yọ díẹ̀ fún un, onítọ̀hún kọ̀ ọ́. Nígbà náà ni ó nawọ́ sí àpò ẹ̀lùbọ́ tí ó kù nílẹ̀, ó ní kí àwọn méjèèjì gbé e wọlé kí ìrì tó sẹ̀ sí i. Bàbá mú igun kan, ọmọ mú igun kejì. Wọ́n ń gbé e lọ, wọ́n sì tún ń sọ ti pẹ́nárítì náà.